Ìwé Tí Kò Lámì

Aago mẹ́ta ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá lọ́sàn-án nígbà tí Káfíńtà ti ilẹ̀kùn yàrá ìkàwé wọlé, eruku pákó lórí, pẹ́ńsùlù létí, ìwé ìtàn kan lábíyá, ìgò oògùn eyín lọ́wọ́. Ọ̀gá Atúmọ̀ nìkan ló bá níbẹ̀, bàbá àgbà tó ń tọ́jú ìwé, tí kò sí ohun tí kò mọ̀ láyé yìí àfi ìgbà tó yẹ kó dákẹ́.

"Ẹ káàsán, Ọ̀gá."

"Káàsán, Káfíńtà. Jókòó."

Káfíńtà ò jókòó. Ó kọ́kọ́ mi àga náà wò, ó tẹ ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó tẹ ẹsẹ̀ òsì. "Ta ló kan àga yìí?"

"Ìwọ ni."

"Àga gidi ni." Ó jókòó. "Ọ̀gá, ọ̀rọ̀ kan ló gbé mi wá. Ọmọbìnrin mi ò bá mi sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ Ajé."

"Kí lo fi ṣe é?"

"Kò sí o. Mo kàn lọ wò ó níbi tí wọ́n ti ń dánra wò fún eré sísá. Ọmọ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn kan wà tí wọ́n jọ ń figa gbága. Ọmọ yẹn kọjá lára ọmọ mi bí ẹni pé wọ́n so tèmi mọ́lẹ̀. Ọ̀gá, mi ò mọ ìgbà tí mo dìde. Mo pàtẹ́wọ́! Mo ní, 'Ọmọ yìí mà ń fò o!'"

Ọ̀gá Atúmọ̀ wúkọ́ díẹ̀. "O pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó ń na ọmọ ẹ."

"Iṣẹ́ tó dáa ni mo rí. Tí mo bá rí iṣẹ́ tó dáa, mi ò lè pa á mọ́ra. A wá délé, ọmọ mi ní, 'Ẹ ṣé, bàbá mi. Ẹ ṣé gan-an ni.'"

"Kí lo wá sọ?"

"Mo ní kò tọ́pẹ́."

Ọ̀gá Atúmọ̀ yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀, ó wá wo Káfíńtà láti òkè dé ilẹ̀.

"Látìgbà yẹn, kẹ́kẹ́ pa," ni Káfíńtà wí. "Àwa méjì péré la sì jọ ń gbé ilé náà. Ilé dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń gbọ́ bí ikán ṣe ń jẹ pákó."

"Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí. Tó bá dénú rẹ̀, á di odidi."

"Ọ̀gá, ọmọ mi ò sọ ààbọ̀. Kò sọ rárá! Àná ló wá gbé ìwé yìí ka orí tábìlì iṣẹ́ mi, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ó fi pẹ́ńsùlù fàlà sábẹ́ ibi méjì níbẹ̀. Òní ni eré sísá gan-an, aago mẹ́rin. Tó bá fẹ́ kí n wá, tí mi ò lọ, mo gbé. Tí kò bá fẹ́ kí n wá, tí mo lọ, tó rí mi, tó sì kọsẹ̀, mo tún gbé. Ohun tó ń fẹ́ wà nínú ìwé yìí. Ẹ túmọ̀ rẹ̀ fún mi."

"Ṣé o kà á?"

"Mo kà á tán. Láti àná, mi ò fọwọ́ kan ayùn. Gbogbo ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ni mo mọ̀, ohun tí wọ́n ń sọ ni mi ò mọ̀."

"A jẹ́ pé o ò kà á. Ojú kọ́ la fi ń kàwé, ọpọlọ ni." Ó na ọwọ́ sí ìwé náà. "Oògùn kí ló tún wà lọ́wọ́ ẹ yẹn?"

"Ti eyín ni. Ẹ ó débẹ̀."

Ìtàn àwọn ọmọbìnrin méjì tó ń dàgbà ni ìwé náà, tí wọ́n jọ ń bára wọn díje nílé ìwé. Àmọ́ ẹni tó tẹ̀ ẹ́ kò fi àmì ohùn kankan sórí ọ̀rọ̀, kò sì fi àmì kankan sábẹ́ lẹ́tà. Bóyá ó rò pé kí olúkúlùkù gbé ohùn tirẹ̀ wá láti ilé.

Ọ̀gá Atúmọ̀ ṣí i, ó tún ọ̀fun ṣe. "Ọmọ méjì ló wà nínú ìtàn yìí. Ọ̀kan ń jẹ́ Afẹ́fẹ́. Èkejì ń jẹ́ Ojo, ìyẹn ẹni tí àyà rẹ̀ ń já. Òǹkọ̀wé yìí mọ ohun tó ń ṣe. Ìbẹ̀rù tó wà nínú gbogbo wa ló fi Ojo ṣe àpèjúwe rẹ̀."

"Ojo?"

"Ojo."

"Ọmọ tó fo ògiri ilé ìwé, tó sì lé ajá dé ilé olówó ajá?"

"Ojo náà máa ń lé ajá. Ìbẹ̀rù ló ń lé e tó fi ń lé ajá."

Káfíńtà họ orí. Eruku pákó bọ́ sórí tábìlì. "Èmi ń pè é ní Òjò ni o. Mo ní Afẹ́fẹ́ àti Òjò. Ṣebí afẹ́fẹ́ ló máa ń fẹ́ kí òjò tó dé?"

Ọ̀gá Atúmọ̀ gbọn eruku náà kúrò lórí tábìlì. "Àwọn kan ń rò bẹ́ẹ̀."

"Àwọn wo?"

"Àwọn tí kò jinlẹ̀. Níbo ló fàlà sí?"

Káfíńtà fi ìka tó ní àpá òòlù tọ́ ọ sí i. Ilé ìwé ti jáde, àwọn ọmọbìnrin méjèèjì dúró lẹ́nu géètì, Afẹ́fẹ́ wo Òjò, ó sì ní: *Eru re po ju.*

"Èrú!" Ọ̀gá Atúmọ̀ fọwọ́ lu tábìlì. "Èrú rẹ pọ̀ jù! Àṣírí tú. Òjò ti ń rẹ́ ẹ jẹ nínú eré sísá, Afẹ́fẹ́ sì ti mú un. Káfíńtà, ó dùn mí láti sọ ọ́ fún ẹ, ọmọ ẹ ń pè ẹ́ ní oníjìbìtì ni."

"Èmi?"

"Ìwọ. O kó àtẹ́wọ́ ọmọ ẹ fún ọmọ ọlọ́mọ. Èrú wo ló tún ju ìyẹn lọ?"

Káfíńtà wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bí ẹni pé àwọn ló jẹ̀bi. "Ọ̀gá, ṣé kì í ṣe ẹ̀rù ni? Bóyá ó ní ẹ̀rù rẹ̀ pọ̀ jù, pé ó máa ń bẹ̀rù."

"Ṣebí ìwọ lo ní kì í ṣe ojo!"

"Ẹ̀yin lẹ ní ojo ni!"

"Nígbà tí mo ní ojo ni, o ní Òjò ni. Mo wá fẹ́ gbà fún ẹ pé Òjò ni, o ti tún sọ ọ́ di ojo. Káfíńtà, dúró síbì kan!"

"Ẹ jẹ́ ká ṣí ojú ewé tó kàn."

"Fún kí ni?"

"Ìwé là ń kà, Ọ̀gá."

"A kì í kánjú kàwé. Ọ̀rọ̀ kan tó fún wákàtí kan."

"Eré sísá tó kù dẹ̀dẹ̀ yìí ò mọ ìyẹn." Káfíńtà ṣí i fúnra rẹ̀, ó ń fi ìka tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. "'Ó gba àpò méjì lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e kọ́ èjìká, wọ́n sì jọ ń lọ.'" Ó dúró. "Ẹrù ni. Ẹrù rẹ pọ̀ jù. Ó bá a gbé e."

Ọ̀gá Atúmọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í to àwọn pẹ́ńsùlù tó ti wà létò tẹ́lẹ̀.

"Ọ̀gá, ṣé ẹ ti ka ìwé yìí rí ṣá?"

"Mo ka ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì."

"Ìtàn ibẹ̀ ńkọ́?"

"Ẹni tó bá ka ọ̀rọ̀ ìṣáájú dáadáa, ìtàn ò lè yà á lẹ́nu mọ́."

"Ó yà yín lẹ́nu báyìí."

"Díẹ̀ ni."

Káfíńtà tẹ́ ìwé náà sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lọ́kàn rẹ̀. "Ṣùgbọ́n kí ló ń sọ gan-an? Ilé Afẹ́fẹ́ ò sí lọ́nà yẹn. Wọ́n kọ ọ́ níwájú pé òdìkejì ni. Kí ni ẹrù ẹni tó kórìíra kàn án?"

"Ó fẹ́ fi hàn án pé òun lágbára jù ú lọ."

"Rárá o. Ó fẹ́ bá a rìn ni! Kò lè la ẹnu sọ pé 'jẹ́ ká jọ máa lọ'. Ló bá ń bá ẹrù jà."

Ọ̀gá Atúmọ̀ fa ìwé kékeré kan yọ nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀, ó kọ nǹkan sí i.

"Kí lẹ̀ ń kọ?"

"Èrò mi."

"Èrò yín tàbí èyí tí mo sọ?"

"Mo ti fẹ́ sọ ọ́ kí o tó sọ ọ́. Ibi kejì dà?"

Aago ara ògiri ti sún mọ́ mẹ́ta ààbọ̀. Pápá ilé ìwé sì tó ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Káfíńtà yára ṣí i. Níbẹ̀, ọ̀la ni Afẹ́fẹ́ àti Òjò máa sá eré tí gbogbo ilé ìwé ń retí. Òjò pàdé Afẹ́fẹ́ lẹ́bàá ẹ̀rọ omi, ó sọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré fún un: *Ma wa lola.* Ìlà méjì ni ọmọ Káfíńtà fà sábẹ́ rẹ̀, ó wá fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé pé: *Eyin naa. Aago merin.*

"Ibí yìí ni oògùn ti wọ̀ ọ́," ni Káfíńtà wí, ó gbé ìgò náà sókè. "'Eyín náà. Aago mẹ́rin.' Mo ní, háà, ó ti yé mi! Eyín ló ń dun ọmọ mi. Ìdí nìyẹn tí kò fi lè la ẹnu. Ọ̀gá, kí n má parọ́, inú mi dùn. Mo ní kì í ṣe èmi ló ń bínú sí, eyín ni. Mo sáré lọ ra oògùn."

"Eyín wo ló máa ń wo aago kó tó dunni?"

"Ìyẹn ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ yín."

Ọ̀gá Atúmọ̀ rẹ́rìn-ín bí ẹni tó mọ̀. "Ẹyin ni. Ẹyin náà. Ẹyin ni ohun tó fi ń pe ayé tuntun, ayé tí kò tíì pa, tí ìyá rẹ̀ ṣì sàba lé."

"Ní aago mẹ́rin?"

"Ohun gbogbo ló ní àkókò tirẹ̀."

"Mélòó ni kí n rà?"

"Má ra ẹyin! Àpèjúwe ni!"

"Ó dáa. Ká fi ìyẹn sílẹ̀ ná. 'Ma wa lola' ńkọ́?"

"Ìyẹn ò ní wàhálà. Má wá lọ́la. Ta ló máa pe ẹni tó lè na òun wá sórí pápá? Tí Afẹ́fẹ́ bá jókòó sílé, Òjò ti gba ipò kìíní láti orí ibùsùn. Má wá. Ọmọ ẹ ní má wá. Lọ gé pákó ẹ."

"Tó bá jẹ́ 'Máa wá lọ́la' ńkọ́? Pé kó ṣáà máa wá?"

"Má ni."

"Máa ni."

"Má!"

"Máa!"

"Má!"

Ẹni tó bá gba ojú fèrèsé kọjá lásìkò yẹn á rò pé ewúrẹ́ méjì ni wọ́n tì mọ́lé. Káfíńtà ló kọ́kọ́ mí.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ẹ wò ó. 'Afẹ́fẹ́ wá.'"

"Ó wá nítorí pé olórí kunkun ni."

"Òjò rí i lókèèrè. Ó ní, *O pe*."

"Ó pè! Ó pe olùkọ́ kí wọ́n wá lé e lọ!"

"Ẹ jẹ́ kí n kà á tán. 'Wọ́n ti tò sórí ìlà, ó ku ìṣẹ́jú kan. Òjò ń wo géètì.'" Ohùn Káfíńtà rọlẹ̀. "O pẹ́ ni. Ó ní, 'O pẹ́.' Ọ̀gá, ẹni tó bá sọ fún ẹ pé o pẹ́, ó ti ń wo ọ̀nà."

Ó tún padà sí ibi tí ọmọ rẹ̀ fi pẹ́ńsùlù kọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dá ọ̀rọ̀ náà wò lẹ́nu jẹ́jẹ́. "Eyín náà… Ẹyin náà… Ẹ̀yìn náà…" Ó dúró. Ó gbé ìgò oògùn sílẹ̀ lórí tábìlì. "Ẹ̀yin náà."

"Ta ni?"

"Èmi! Èmi ló ń bá wí, Ọ̀gá. Ẹ̀yin náà. Èmi bàbá rẹ̀." Omi ti lé sójú rẹ̀, kò sì fi pamọ́.

Ọ̀gá Atúmọ̀ fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ̀rọ̀, àmọ́ kò lè fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀. "Bó ti wù kó rí, a ò tíì mọ̀ bóyá má ni tàbí máa. Ó lè jẹ́ pé kí ẹ̀yin náà má wá."

"Ta ló ń dá aago fún àìwá?"

Ọ̀gá Atúmọ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í to àwọn pẹ́ńsùlù rẹ̀.

"Ọ̀gá, èmi ò bá yín jiyàn mọ́. Tó bá jẹ́ 'máa', mò ń lọ. Tó bá jẹ́ 'má', mò ń sáré lọ." Káfíńtà dìde, ó ti dẹ́nu ọ̀nà.

"Káfíńtà."

"Ọ̀gá, aago ń lọ o."

"Tí ọmọ kan bá sọ fún bàbá àgbà rẹ̀ láàárọ̀ pé, 'Ẹ jókòó yín jẹ́jẹ́, oòrùn ti mú jù fún yín,' kí ló ń sọ?"

Káfíńtà yí padà. "Ọmọ ta ni?"

"Ọmọ ọmọ mi. Òun náà ń sáré lónìí."

"Èwo nínú wọn?"

Ọ̀gá Atúmọ̀ wo ilẹ̀. "Ẹlẹ́sẹ̀ gígùn yẹn."

"Háà!" Káfíńtà gbá ilẹ̀kùn mú. "Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń pariwo 'má'! Ẹ fẹ́ kí n jókòó sílé kí tiyín lè borí!"

"Mi ò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Bóyá díẹ̀. Káfíńtà, dá mi lóhùn, kí ló ń sọ? Nígbà tó sọ ọ́, mo ní ọmọ yìí mà láàánú mi o. Mo sì jókòó jẹ́jẹ́. Àmọ́ lọ́jọ́ Ajé tó délé, ó sọ nǹkan kan tí mi ò fọkàn sí. Ó ní ẹnì kan dìde tó ń pàtẹ́wọ́ fún òun lẹ́yìn. Ó ní òun bojú wẹ̀yìn." Ó gbé awò ojú rẹ̀ sọ́wọ́, kò nù ún. "Ó ní òun rò pé èmi ni."

Káfíńtà jọ̀wọ́ ilẹ̀kùn. Àtẹ́wọ́ kan ṣoṣo ló pa lọ́jọ́ Ajé, ó sì ti dun ọmọ méjì.

"Ọ̀gá," ó ní, "ẹ wọ bàtà."

"Oòrùn ńkọ́?"

"Ẹ wọ bàtà!"

Ọ̀gá Atúmọ̀ wọ bàtà. Ó ya páálí kan, ó fi bírò kọ *Mo n bo* sí i gàdàgbà, ó sì gbé e kọ́ ilẹ̀kùn. Káfíńtà wò ó, ó fa pẹ́ńsùlù yọ létí, ó fi àmì sí i lókè, ó fi sí i nísàlẹ̀.

"Kí lò ń ṣe? Aago ń lọ!"

"Kí wọ́n má baà kà á sí pé ẹ̀ ń bọ́ṣọ, kí wọ́n wá máa yọjú lójú fèrèsé."

Bí wọ́n ṣe dé pápá, kò yé àwọn méjèèjì. Káfíńtà mú Ọ̀gá Atúmọ̀ lápá, Ọ̀gá Atúmọ̀ mú fìlà rẹ̀, wọ́n la àárín èrò kọjá títí wọ́n fi dé etí okùn tí wọ́n ta yí pápá ká. Àwọn ọmọ ti tò sórí ìlà. Ẹlẹ́sẹ̀ gígùn bojú wẹ̀yìn, ó rí bàbá àgbà rẹ̀, ó sì fọwọ́ bo ẹnu. Ọmọ Káfíńtà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ náà bojú wẹ̀yìn. Ó rí Káfíńtà pẹ̀lú eruku pákó lórí, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Láti ọjọ́ Ajé tí kò ti bá a sọ̀rọ̀, ìgbà yìí ló la ẹnu, ó sì kígbe tẹ̀rín-tẹ̀rín tí gbogbo pápá gbọ́:

"Ta ló pè yín?"

Ọ̀gá Atúmọ̀ gbá àyà mú. "Ó ti bàjẹ́! Káfíńtà, o gbọ́? Ó ní ta ló pè ẹ́!"

Káfíńtà ń rẹ́rìn-ín, omijé sì ń ṣàn gba inú eruku pákó ojú rẹ̀. "Ọ̀gá, mo bẹ̀ yín, ẹ má túmọ̀ eléyìí. Ó ti fi àmì sí i."